Ẹrù mi tí wọ́n fi dógò: bí a ṣe kó láti Maryland lọ sí Texas

$5,900. Iye tí dírẹ́bà tó gbé ẹrù wa dé Houston ní kí n kà sílẹ̀ nìyẹn kí òun tó ṣílẹ̀kùn ọkọ̀. $3,400 la sì jọ sọ ní Maryland. Ẹ bá mi wò ó: bẹ́ẹ̀dì mi, àga mi, ìkòkò tí ìyá mi rà fún wa nígbà ìgbéyàwó, gbogbo ẹ̀ wà nínú ọkọ̀ ọlọ́kọ̀, a wá ń nájà lé e lórí bíi pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ rà á.

Iṣẹ́ ló gbé wa kúrò. Ààyè ṣí sílẹ̀ fún mi ní ẹ̀ka ilé iṣẹ́ wa ní Texas, èmi náà sì ti ṣírò pé Texas kì í gba owó orí ìpínlẹ̀ lórí owó oṣù, nígbà tí Maryland ń gba tiẹ̀, tí káúńtì tún ń gba tiẹ̀ lé e. Inú mi ń dùn bí ẹni tó rí owó he. Owó orí tí Texas ń bù lé onílé ga dáadáa, ṣùgbọ́n a ṣì ń háyà ilé ní tiwa, kò tíì kàn mí. Ilé wíwá, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ, iná, omi, yíyí àdírẹ́sì padà ní ilé ìfìwéránṣẹ́: a ṣe gbogbo ẹ̀, kò sí ìtàn níbẹ̀.

Ìtàn wà níbi ẹrù. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti rí àwọn tó ní àwọn máa kó o. Obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ dùn bí oyin bi mí lórí fóònù pé yàrá mélòó ni, kò rán ẹnikẹ́ni wá wo ẹrù, ó ní $3,400, mo sì san $500 sílẹ̀ nínú ẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gọ̀. Àwọn tí mo sanwó fún ò ní ọkọ̀ kankan, alágbàtà ni wọ́n. Wọ́n ta iṣẹ́ mi fún akẹ́rù tí n kò gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí. Àjọ ìjọba àpapọ̀ kan wà, FMCSA, tó ń mójú tó àwọn tó ń kẹ́rù láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn. Ká ní mo ti fi nọ́ńbà USDOT wọn, ìyẹn nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ tí ìjọba fún wọn, wá wọn lójú ewé àjọ náà ni, kò ní gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ kí n tó mọ ẹni tí mò ń bá ṣòwò. Èmi tí mo máa ń ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ sára páálí oúnjẹ kí n tó rà á!

Lọ́jọ́ ìkẹ́rù, olórí wọn na ìdìpọ̀ ìwé kan sí mi pé kí n tètè fọwọ́ sí i. Lánlọ́ọ̀dù ń retí kọ́kọ́rọ́ ní aago márùn-ún, mo ti mú bírò. Ìyàwó mi ló já ìwé náà gbà.

"Bàbá Ìbejì, ẹ dúró ná. Èyí ò ní iye owó kankan lórí o."

Òótọ́ ni. Ìwé ìdíyelé tuntun ni, ibi tó yẹ kí owó wà sì ṣófo gbáú. Ó ní àfi kí wọ́n mú un kúrò. Ọkùnrin náà fajú ro, ṣùgbọ́n ó mú un kúrò. Kí n má purọ́, inú bí mi sí ìyàwó mi lọ́jọ́ náà pé ó ń dá wa dúró. Mo ti bẹ̀ ẹ́ tán.

Wọ́n ní ọjọ́ márùn-ún sí méje lẹ́rù máa dé. Ọjọ́ 12 la fi sùn lórí bẹ́ẹ̀dì afẹ́fẹ́. Àwọn ìbejì gbádùn ẹ̀, ẹ̀yìn tèmi ò gbádùn ẹ̀. Nígbà tí dírẹ́bà wá dé, ó ní ẹrù wa wúwo ju ohun tí a sọ lọ, owó lílé lòun ń gbà, bí n kò bá sì san án lọ́jọ́ náà, inú ilé ìkẹ́rùsí lẹ́rù ń lọ, a ó sì san owó ibẹ̀ pẹ̀lú.

Mo fẹ́ san án. Mo kàn pe ẹ̀gbọ́n kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Maryland kí n lè ráhùn díẹ̀ ni. Wọ́n ti kó kiri Amẹ́ríkà yìí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Wọ́n kọ́kọ́ fi mí rẹ́rìn-ín.

"Àbúrò, lọ mú ìwé ìdíyelé $3,400 ẹ wá. Kí ni wọ́n kọ sí i, 'binding', iye tí kì í yí padà, àbí 'non-binding', iye tó kàn jẹ́ àfojúbù?"

"Non-binding ni, sà."

"Wọn ò gbọdọ̀ gbà ju ìdá 110 nínú 100 iye tó wà nínú ìwé yẹn lọ lọ́wọ́ ẹ kí wọ́n tó já ẹrù. Òfin ìjọba àpapọ̀ ni. Ìyókù, ó di ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ́yìn náà kí wọ́n tó lè bèèrè."

Mo ṣírò ẹ̀: $3,740. Mo yọ $500 tó ti lọ, ó ku $3,240. Ká ní mo ti fọwọ́ sí ìwé òfìfo ọjọ́ ìkẹ́rù yẹn ni, iye tó bá wù wọ́n ni wọn ì bá kọ sí i, òun ni a ó sì fi ṣe ìṣirò. Ọlọ́run ló fún mi ní ìyàwó.

Dírẹ́bà ní òun ò mọ òfin, ọ̀gá òun ni kí n bá sọ̀rọ̀. Ọ̀gá ní alágbàtà ló da irọ́ sí mi létí. Alágbàtà ní ọ̀rọ̀ akẹ́rù ni. Ọkọ̀ yípo, ó bá ẹrù mi lọ! Mo dúró sójú títì, mò ń wo ẹ̀yìn ẹ̀ títí ó fi pòórá.

Ọjọ́ mẹ́fà gbáko ni mo fi ń pe fóònù. Nígbà tí ẹnu mi bó, mo fẹjọ́ wọn sun FMCSA, mo fi ìwé ìdíyelé náà kún un, mo sì fi ẹ̀dà ẹjọ́ náà ránṣẹ́ sí ọ̀gá wọn. Ọjọ́ kejì, ohùn ẹ̀ ti rọ̀. Ọkọ̀ padà wá. Mo ka $3,240, mo gba rìsíìtì, mo sì dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ọba nígbà tí wọ́n ń já a. Lẹ́yìn oṣù kan, wọ́n fi bílì ìyókù ránṣẹ́. Mo kọ̀wé pé kí wọ́n fi ìwé ìwọ̀n hàn mí, ti ọkọ̀ nígbà tó ṣófo àti ti ìgbà tó gbé ẹrù wa. N kò gbúròó wọn mọ́ títí dòní.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ lẹ́yìn, ẹ má ka owó ìdúró (deposit) tí ẹ fi sílẹ̀ lọ́wọ́ lánlọ́ọ̀dù ilé àtijọ́ mọ́ owó ìrìnàjò o. Òfin Maryland fún lánlọ́ọ̀dù ní ọjọ́ 45 láti dá a padà, èmi sì ti ná an lọ́kàn kó tó dé. Ẹ tètè sọ fún àwọn tó ń san owó oṣù yín pé ẹ ti kó, oṣù méjì ni wọ́n ṣì fi ń yọ owó orí Maryland lára tèmi. Ní Texas, ọjọ́ 30 ni wọ́n fún àlejò láti forúkọ mọ́tò sílẹ̀, 90 fún láísẹ́ǹsì, $90 sì ni owó orí tí wọ́n gbà lórí mọ́tò tí a gbé wọlé. Owó ìkẹ́rù, èèyàn bíi tèmi ò lè yọ ọ́ mọ́ nínú owó orí ìjọba àpapọ̀ láti 2018.

Tẹlifíṣọ̀n wa fọ́ lọ́nà. Ààbò ọ̀fẹ́ ni mo mú fún ẹrù: bí nǹkan bá bàjẹ́, sẹ́ǹtì 60 ni wọ́n ń san lórí pọ́ùn ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan, ohun tó wù kó jẹ́. Pọ́ùn 45 ni tẹlifíṣọ̀n náà. Wọ́n fi ṣẹ́ẹ̀kì $27 ránṣẹ́, ìyàwó mi sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fìríìjì. N kò tíì lọ gbà á ní báńkì.