Bí a ṣe ń mọ̀ bóyá ọkọ́ ti ń kọ́ èpò láti tètè tanná

Ẹni tó ń ro oko àgbàdo rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹta àti ìkẹfà lẹ́yìn ìgbìn, lọ́dọọdún láìyẹ̀, ń ṣa èpò láìmọ̀: èyí tó bá ti gbọn irúgbìn sílẹ̀ kí ọkọ́ tó dé ló ń ní àtọmọdọ́mọ. Ní Ọsirélíà, wọ́n fi èpò kan tí wọ́n ń pè ní rádíìṣì ìgbẹ́ dán an wò. Àwọn tó kọ́kọ́ tanná nìkan ni wọ́n ń gba irúgbìn lára wọn. Nígbà tó di ìran karùn-ún, ọjọ́ 59 tó fi ń dúró kó tó tanná ti wálẹ̀ sí 29. Ó tún kúrú sí i, ó ń rá mọ́lẹ̀, débi pé ẹ̀rọ ìkórè lè gba orí rẹ̀ kọjá.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì dá ọkọ́ lẹ́bi. Ọ̀dá àti ilẹ̀ tó ti ṣá náà máa ń mú èpò tanná láìtọ́jọ́.

Ẹ mú èpò kan ṣoṣo tó ń fi irúgbìn tàn kálẹ̀, bí imí-eṣú tàbí tẹ̀tẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún. (Èkan ò wúlò fún èyí, abẹ́ ilẹ̀ ló ń gbà rìn.) Ẹ gba irúgbìn lára ìdí 20 láàárín oko, àti 20 ní etí oko tí ọkọ́ kì í dé. Àpò bébà ni kẹ́ ẹ kó wọn sí. Nínú ọ̀rá, wọ́n á bu.

Ẹ kọ́kọ́ gbìn wọ́n sórí iyẹ̀pẹ̀ kan náà, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n jìnnà síra. Irúgbìn nìkan là ń wá nígbà yìí, torí èyí tí ìyá rẹ̀ jìyà lórí ilẹ̀ ṣíṣá lè gbé àmì ìyà náà wáyé.

Irúgbìn tuntun yìí la ó kà. Ẹ wọ́n ọn sórí iyẹ̀pẹ̀ nínú irú ọ̀rá dúdú tí wọ́n fi ń tọ́jú ọmọ kòkó, lọ́jọ́ kan náà. Ẹ má bò ó: imí-eṣú ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ kó tó hù. Ẹ sàmì sára ọ̀rá, ẹ pò wọ́n mọ́ra, ẹ fi ẹyọ kan sílẹ̀ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí omi wọn sì dọ́gba. Ọjọ́ tó hù lẹ ó ti máa kà títí òdòdó àkọ́kọ́ yóò fi là, kì í ṣe ọjọ́ ìgbìn. Bí èyí tó pọ̀ jù nínú ti àárín oko bá ṣáájú ti etí oko, ó ti wọ ẹ̀jẹ̀ nìyẹn.

Nígbà náà, ẹ má kàn mú kí ọkọ́ kejì máa tètè dé títí láé. Ẹ ó tún ṣa èyí tó yára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkọ́ àkọ́kọ́ ò gbọdọ̀ pẹ́, torí àgbàdo kékeré ò lè fara da èpò. Ìkejì ni kẹ́ ẹ máa yí: lọ́dún kan, kí èpò tó yọ òdòdó, lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹ gbin ẹ̀gẹ́ tàbí ẹ̀wà síbẹ̀ kí ọjọ́ ríro lè yàtọ̀. Oògùn apa-èpò tí wọ́n ń fín lákòókò kan náà lọ́dọọdún ò sàn ju ọkọ́ lọ. Èyí tó bá sì ti tanná, ẹ kó o jáde lóko. Bó bá wà nílẹ̀, irúgbìn rẹ̀ ṣì lè gbó lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti tu ú.