Ẹni tó bá fẹ́ ta fíríkúẹ́ńsì fún yín ní Amẹ́ríkà, ẹ sá fún un

Ẹ̀yin ará wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tẹ́ ẹ ń gbèrò àtidá rédíò sílẹ̀ fún ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ẹgbẹ́ ìlú yín, FCC, àjọ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń ṣàkóso rédíò, nìkan ló ń fúnni níwèé àṣẹ láti lo fíríkúẹ́ńsì, ìyẹn nọ́ńbà tí rédíò ń gbà jáde. LPFM, ìyẹn rédíò FM alágbára kékeré, ni ti àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké tí kì í ṣe ti èrè. Ìgbà tí FCC bá ṣílẹ̀kùn ni wọ́n ń gba fọ́ọ̀mù, bíi ti ọdún 2013 àti oṣù Kejìlá ọdún 2023. Wáàtì 100 ló mọ, ó ń dé nǹkan bíi máìlì 3.5.

Gbọọrọ ni ìgbì FM ń lọ, òkè àti ilé gíga ń dí i lọ́nà. Ti AM yàtọ̀: lọ́sàn-án, ilẹ̀ ló ń tọ̀. Tílẹ̀ bá ṣú, á gbòkè ta padà sí ìpínlẹ̀ mìíràn. Ìdí nìyẹn tí FCC fi ní kí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ AM dín agbára kù lálẹ́.

Ẹ ò ní gbọ́ irú èyí lẹ́nu gbájúẹ̀. Tọkọtaya kan tí mo mọ̀ ní Brooklyn kówó fún ọkùnrin kan. Ó fún wọn níwèé olóǹtẹ̀, ó ri eriali mọ́ òrùlé, ó ní, "Mọ́mì, ìwé àṣẹ ti wà nínú owó yẹn, ẹ ṣáà máa wàásù." Rédíò kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ló ni fíríkúẹ́ńsì ọ̀hún! Lánlọ́ọ̀dù ló kọ́kọ́ rí lẹ́tà FCC gbà, ó sì lé wọn jáde. Fóònù ọkùnrin náà ò lọ mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ohùn ẹ̀rọ FM tí kò níwèé àṣẹ ò gbọdọ̀ rìn kọjá nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 200. Òfin ọdún 2020 gbé owó ìtanràn dé $100,000 lójúmọ́, títí dé $2,000,000, lánlọ́ọ̀dù tó mọ̀ tó sì gbà á láyè náà lè san tirẹ̀. Ibi tí FM parí sí, 108 MHz, ni ti ọkọ̀ òfuurufú ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ burúkú sì lè da ibẹ̀ rú. Èyí tó ń dùn mí jù ni pé ẹni tó bá ti sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́ láìgbàṣẹ rí, òfin ò ní kí wọ́n fún un ní LPFM mọ́. Àwọn tọkọtaya yẹn ò tiẹ̀ mọ̀!

Kẹ́ ẹ tó yọ kọ́bọ̀, ẹ wọ FM Query, ojú ewé tí wọ́n ti ń wá ilé iṣẹ́ FM lórí ìkànnì FCC, ẹ tẹ ìpínlẹ̀ àti nọ́ńbà fíríkúẹ́ńsì náà, ẹni tó ni ín á yọ síta. Láìsí ọwọ́ FCC níbẹ̀, kò sẹ́ni tó lè gbé fíríkúẹ́ńsì fún yín. FCC kì í sì gbowó fọ́ọ̀mù LPFM. Tó bá jẹ́ pé kí ìwàásù ṣáà jáde ni, íntánẹ́ẹ̀tì ò nílò ìwé àṣẹ FCC, àmọ́ ẹ gbàṣẹ orin tẹ́ ẹ bá fẹ́ lò.