Ojú ìwé máńgà mẹ́rin: bí mo ṣe ya ọmọbìnrin tó gbọ́ ìròyìn òkú tí kò sunkún

Ọmọbìnrin kan ń gé àlùbọ́sà ní ilé ìdáná. Fóònù dún, àǹtí rẹ̀ ní màmá àgbà ti lọ. Kò pariwo, kò sunkún, ohun tó sọ kò ju "Mo ti gbọ́, mà" lọ. Síbẹ̀ òǹkàwé gbọ́dọ̀ mọ̀ pé nǹkan ti já lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ tí mo gbé ka iwájú nìyẹn, ojú ìwé mẹ́rin péré nínú máńgà, ìyẹn ìtàn alápòótí àwòrán ti Japan. Ibi tó ti le ni pé ojú tó funfun bíi bébà ni àwọn ará Japan dá púpọ̀ nínú ọgbọ́n máńgà fún, pẹ̀lú irun tó já bo iwájú orí. Ọmọ tèmi dúdú, ṣùkú ló sì dì.

Irun ni mo kọ́kọ́ yanjú. Nínú máńgà, bí ìbànújẹ́ bá dé, wọ́n á tẹ orí ẹni náà ba, irun iwájú á bo ojú méjèèjì, wọ́n á wá fi dúdú kun abẹ́ rẹ̀. Ẹnu nìkan ló máa kù, òǹkàwé á fi ọkàn ara rẹ̀ ro ìyókù. Ṣùkú kò lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Mo so síkáàfù mọ́ ọn lórí, mo jẹ́ kí etí síkáàfù náà yọ síwájú díẹ̀, kí òjìji rẹ̀ lè bọ́ sójú nígbà tó bá tẹríba. Ṣùkú tó ga lábẹ́ síkáàfù náà tún wúlò fún nǹkan mìíràn: kódà bí mo bá kun gbogbo ara rẹ̀ ní dúdú, tí mo sọ ọ́ di sẹ̀ǹtímítà kan, ènìyàn á ṣì dá a mọ̀ láti ẹ̀yìn. Ojú ìwé kẹrin nílò ìyẹn gan-an.

Ojú ńlá ni gbogbo ayé mọ̀ mọ́ máńgà. Osamu Tezuka, tí wọ́n bí ní 1928, tó dàgbà sí ìlú Takarazuka níbi tí ẹgbẹ́ eré orí ìtàgé àwọn obìnrin wà, wà lára àwọn tó sọ ọ́ di àṣà. Àmọ́ nínú àpótí àwòrán tí kò fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin lọ, orí kì í ju sẹ̀ǹtímítà kan ààbọ̀, ọmọlójú á ti di ẹ̀kán yíǹkì kékeré. Irun òkè ojú àti ẹnu ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi jẹ́ kí irun òkè ojú rẹ̀ nípọn. Mo to orí kan náà sórí bébà lọ́nà mẹ́sàn-án, ẹ̀yà kan ṣoṣo ni mò ń yí padà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí ẹni tó bá yí gbogbo rẹ̀ pọ̀ kò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́. Bí ìdí irun òkè ojú tó sún mọ́ imú bá gòkè, ìbànújẹ́ ni. Bó bá wálẹ̀, ìbínú ni. Ìpéǹpéjú òkè tó bá bo ìdá kan nínú mẹ́ta ọmọlójú, àárẹ̀ ni. Bí funfun bá yí ọmọlójú ká, ẹ̀rù ni. Yọ àmì ìmọ́lẹ̀ funfun kúrò nínú ẹyinjú, ẹni náà wà níbẹ̀ àmọ́ kò sí níbẹ̀ mọ́. Èyí tí mo mú nìyẹn, pẹ̀lú ẹnu tó là díẹ̀. Mi ò fi ọwọ́ kan irun òkè ojú rárá.

Awọ ara ló gba ọgbọ́n jù. Screentone, ìyẹn àmì dúdú tíntìntín tó tò lẹ́sẹẹsẹ, ni mo fi ṣe é: ìlà àmì 60 nínú ínṣì kan, dúdú rẹ̀ sì jẹ́ ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní kété tí ó bá ti wà lójú, àwọn ìlà tín-ín-rín tí wọ́n ń fà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fún ìtìjú, àti èyí tí wọ́n ń fà wá sísàlẹ̀ láti iwájú orí fún ìdààmú, á rì sínú rẹ̀. Bí o bá mú wọn nípọn kí wọ́n lè hàn, ó di pélé! Nítorí náà, funfun ni mo fi ṣe iṣẹ́ tí dúdú ń ṣe. Mo ha screentone kúrò ní òkè ẹ̀rẹ̀kẹ́, ní ṣóńṣó imú àti ní etí ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀, níbi tí omi máa ń dúró sí. Níbẹ̀, ìlà funfun tó tó ìdajì mìlímítà ti tó. Lórí bébà, ẹnu ọ̀bẹ kékeré ni a fi ń ha á. Lórí kọ̀ǹpútà, ìparẹ́ lásán ni. Má ṣe to screentone méjì léra bí ìlà wọn kò bá bára mu, wọ́n á yọ àrà bí aṣọ òfì tí ẹnikẹ́ni kò pàṣẹ fún.

Bébà B4 ni mo fi ṣe ìpìlẹ̀ nínú Clip Studio Paint, ètò ìyàwòrán orí kọ̀ǹpútà, mìlímítà 257 sí 364, férémù inú tí àwọn àpótí wà nínú rẹ̀ 180 sí 270, ní 600 dpi (àmì 600 nínú ínṣì kan). Láti ọ̀tún sí òsì ni a ń kà á. Àlàfo láàárín ìpele àpótí ti òkè àti ti ìsàlẹ̀ jẹ́ mìlímítà 7, èyí tó wà láàárín àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn jẹ́ 3. Bí àwọn méjèèjì bá dọ́gba, ojú òǹkàwé á yọ̀ sísàlẹ̀ kó tó parí ìpele kan.

Ojú ìwé kìíní ní àpótí mẹ́fà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba: ọ̀bẹ, ìkòkò, àlùbọ́sà, ojú rẹ̀ tó kún fún omijé àlùbọ́sà. Ìró ọ̀bẹ, kọ̀ kọ̀ kọ̀, wà káàkiri rẹ̀. Àpótí ìkẹyìn, nísàlẹ̀ lápá òsì, ni àtàǹpàkò lórí fóònù. Ibẹ̀ ni a ti máa ṣí ìwé. Kò sí ojú rẹ̀ lójú ìwé kejì rárá. Etí àti fóònù, ọ̀bẹ tó dúró sí àárín àlùbọ́sà, ìdérí ìkòkò. Irú àpótí tí kò ní ènìyàn yìí máa ń fa àkókò gùn. Ọ̀rọ̀ àǹtí wà níbẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ ń kéré sí i, etí àpótí sì gé àpò ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn, ìyẹn àyè funfun tí a ń kọ ọ̀rọ̀ ẹnu sí, sí méjì. Ìró ọ̀bẹ ti dáwọ́ dúró. Mi ò kọ ọ̀rọ̀ kankan dípò rẹ̀.

Ojú ìwé kẹta jẹ́ ojú rẹ̀ nìkan, mìlímítà 150 ní gíga, láìsí férémù, láìsí ilé ìdáná lẹ́yìn. Omijé àlùbọ́sà ti gbẹ. Ojú funfun ì bá nílò dúdú lẹ́yìn kó tó dá dúró, àmọ́ bébà lásán ti tó fún ojú dúdú. Àǹfààní ńlá ni, mo sì rò pé a kì í lò ó tó. Ní ojú ìwé kẹrin, ẹ̀yìn rẹ̀ ni a rí, ọwọ́ rẹ̀ ń pa sítóòfù, ó sì dá àǹtí lóhùn.

Àpò ọ̀rọ̀ àwọn ará Japan máa ń ga, ó sì máa ń tín-ín-rín, torí òró ni wọ́n ń kọ̀wé. Yorùbá ń sùn gbọọrọ, nítorí náà mo ti fi àyè tó fẹ̀ sílẹ̀ láti ìgbà tí mò ń fi pẹ́ńsù ṣe ètò. Àlàfo láàárín ìlà ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ tó ìdá 130 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n lẹ́tà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àmì ohùn á gún ìdí ọ̀rọ̀ tó wà lókè. Dán fọ́ńtì wò pẹ̀lú "ọ̀bẹ" àti "ẹ̀rẹ̀kẹ́" kí o tó yàn án.

Bí iṣẹ́ orí B4 bá di ìwé B5, tó kéré sí i, nígbà títẹ̀ (wọ́n á gé etí bébà dànù, wọ́n á sì dín ìyókù kù sí bíi ìdá 83 nínú ọgọ́rùn-ún), ìlà 60 á di bíi 72, ìlà tó tín-ín-rín ju ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà á sì sọnù. Lórí bébà olówó pọ́ọ́kú, ìdá 30 lè wú kó di dúdú pátápátá. Tẹ ojú ìwé kẹta nìkan wò. Bó bá ti wú, sọ awọ ara di ìdá 20 ní gbogbo ojú ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí o sì tún fẹ àwọn ibi tí o ha, torí funfun kò ní yàtọ̀ sí awọ ara tó bẹ́ẹ̀ mọ́.