Ojú fóònù mi tó sán, àti ohùn ìyá mi tó wà nínú rẹ̀

Mọ́kọ́lá ni mo ti sọ̀ kalẹ̀ nínú Micra lọ́jọ́ Ẹtì kan nínú oṣù Karùn-ún. Àpò aṣọ oníbàárà wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi, owó ọkọ̀ wà lọ́wọ́ òsì, fóònù wà lórí itan. Mo ti gbàgbé pé ó wà níbẹ̀. Bí mo ṣe ní kí n dìde, gbà! Igun ló fi gúnlẹ̀ lórí ọ̀dà. Nígbà tí mo gbé e tí mo yí ojú rẹ̀ sókè, ìlà kan ti sáré láti igun ìsàlẹ̀ wá sí àárín, ó sì ya ẹ̀ka bíi gbòǹgbò igi.

Iná ṣì ń tàn nínú rẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ pé. Mo tẹ̀ ẹ́, ó dáhùn. Mo ní "Ọlọ́run ṣeun", mo gba ṣọ́ọ̀bù mi lọ. Ìfọ̀kànbalẹ̀ yẹn gan-an ló wá gba owó lọ́wọ́ mi, nítorí ó jẹ́ kí n rò pé ọ̀rọ̀ náà lè dúró dè mí.

Aránṣọ ni mí. Ìwọ̀n àwọn oníbàárà mi wà nínú fóònù yẹn, àwòrán sítáì tí wọ́n yàn náà wà níbẹ̀. Ìyẹn ṣì ṣe é tún béèrè lọ́wọ́ wọn. Èyí tí n kò lè béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́ ni ohùn ìyá mi. Màmá ò mọ̀wé kọ, nítorí náà ohùn ni wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Mọ́kànlá ló wà lọ́wọ́ mi nígbà tí wọ́n papò dà. Nínú ọ̀kan, wọ́n ń kì mí láàárọ̀ ọjọ́ ìbí mi, àkùkọ sì ń kọ lẹ́yìn wọn. Mo ti fi àmì ìràwọ̀ sí gbogbo wọn, mo rò pé mo ti tọ́jú wọn nìyẹn. Àmì ìràwọ̀ kì í ṣe ẹ̀dà ohunkóhun o. Ó kàn ń jẹ́ kí èèyàn tètè rí ohun tó ń wá ni.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ sí Queen Cinema, níbi tí àwọn onífóònù pọ̀ sí ní Ìbàdàn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ẹnjiníà gbà á lọ́wọ́ mi, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́, ó fi ìka fa orí rẹ̀ láti òkè délẹ̀.

"Mọ́mì, gíláàsì òkè nìkan ló fọ́. Panel yín ò ní nǹkan kan. ₦20,000 la ó fi pààrọ̀ gíláàsì."

"Ṣé ó lè dúró dìgbà tí mo bá gba owó iṣẹ́?"

"Ó lè dúró, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí omi kàn án o. Bí omi bá gba ojú sísán yìí wọlé, panel lẹ máa wá rà, owó yẹn sì lé díẹ̀."

Mo ní kó ṣàlàyé, nítorí ojú kan ṣoṣo ni èmi rí. Ó mú fóònù òkú kan jáde láti abẹ́ tábìlì, ó sì ya á síra níṣojú mi. Gíláàsì wà lókè, ó mọ́ gaara, kò sí iná kankan nínú rẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀ ni gọ́ọ̀mù tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ojú ò lè rí. Lábẹ́ ìyẹn ni panel, òun ló ń tanná, òun ló ń gbé àwòrán jáde, nínú irú fóònù tèmi, òun náà ló ń mọ̀ pé wọ́n fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ó yé mi lójú ẹsẹ̀, nítorí bí a ṣe ń ṣe kọ́là nìyẹn: aṣọ lókè, gum stay láàárín, lainínì nísàlẹ̀, iná áyọ́ọ̀nù ló sì ń so wọ́n pọ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń gbé fóònù lé orí irin gbígbóná, bí ọgọ́rin lórí ìwọ̀n Celsius, kí gọ́ọ̀mù yẹn lè rọ̀, kí wọ́n tó fi wáyà tó tín-ín-rín bí irun orí rẹ́ gíláàsì kúrò lórí panel. Bí wáyà bá ṣì rìn díẹ̀ péré, panel ti lọ. Ẹnjiníà kò fi èyí pamọ́ fún mi. Ẹni tó bá ní òun ó pààrọ̀ gíláàsì tí kò sì sọ ewu yìí, ẹ bi í pé ta ló máa san owó panel bó bá bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ gbọ́ ìdáhùn rẹ̀ kí ẹ tó gbé fóònù kalẹ̀.

Èmi ní màá padà wá lópin oṣù. Mo fi sẹ́lótéèpù bo ojú rẹ̀, nítorí ẹ̀rún gíláàsì ti gún mi ní àtàǹpàkò lẹ́ẹ̀mejì. Sẹ́lótéèpù dára fún ìka. Kò lè dá omi dúró.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi lò ó bẹ́ẹ̀. Òjò wá ká mi mọ́ òpópónà Dùgbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, omi wọ àpò mi, ó sì dúró sábẹ́ sẹ́lótéèpù. Nígbà tí mo délé, ìlà àwọ̀ ewé kan ti dúró gbọnrangandan lójú fóònù, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ò sì dáhùn mọ́. Mo tẹ̀ ẹ́ títí. Mo pa á, mo sì tún un tàn, ó wá ní kí n tẹ nọ́ńbà àṣírí mi. Ibi tí òdo àti OK wà gan-an ló ti kú yẹn! Ibi tí wọ́n ti ń gbé ìka sí náà, apá ìsàlẹ̀ yẹn ló wà. Mo jókòó sórí ibùsùn, gbogbo ara mi tutù. Owó fóònù kọ́ ni mo ń rò.

Aládùúgbò mi ní kí n ti fóònù bọ inú ìrẹsì. Ẹ má ṣe é. Ìrẹsì kì í fa omi jáde láti inú panel, eruku rẹ̀ ló máa ń wọ ihò ṣájà. Mo pa fóònù náà, mo yọ síìmù, n kò ṣájì rẹ̀ rárá, mo gbé e síwájú fáànù di ọjọ́ kejì.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tó wà ní yunifásítì, ló yọ mí. Ó ní, "Àǹtí, ṣé iná rẹ̀ ṣì ń tàn? Tó bá ń tàn, ẹ fọkàn balẹ̀." Ó ra okùn kékeré tí wọ́n ń pè ní OTG ní ₦1,000, ó fi mouse kọ̀ǹpútà rẹ̀ bọ̀ ọ́, ó sì ki i bọ ihò ṣájà. Ọfà kékeré kan hàn lójú fóònù, irú èyí tó ń wà lójú kọ̀ǹpútà. Ó gbé mouse fún mi, ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo fi ọfà yẹn tẹ nọ́ńbà mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Fóònù ṣí. Mo pariwo.

Ìṣòro kan tún kù. Ihò kan ṣoṣo ni fóònù ní, a sì nílò ihò yẹn láti so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Kí a tó yọ mouse, a fa ìbòjú òkè wálẹ̀, a tan ohun tó ń jẹ́ kí àwòrán yí bí fóònù bá ṣe yí. A wá fi okùn kọ̀ǹpútà sí i. Fóònù béèrè bóyá òun lè gba kọ̀ǹpútà láyè, ìdáhùn tí a ní láti tẹ̀ sì bọ́ sí ìsàlẹ̀, níbi tó kú. A dá fóònù dùbúlẹ̀. Àwòrán yí, ibi tó kú bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìdáhùn kúrò lórí rẹ̀, mo sì tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ ò bá rántí nǹkan mìíràn nínú ohun tí mo kọ yìí, ẹ rántí pé fóònù tí apá kan ojú rẹ̀ kú ṣe é yí.

Nínú kọ̀ǹpútà, a ṣí fódà Android, a ṣí media, lẹ́yìn náà com.whatsapp, WhatsApp, Media, títí a fi dé WhatsApp Voice Notes. Àwọn fódà kéékèèké pọ̀ níbẹ̀, ọdún àti ọ̀sẹ̀ ni wọ́n fi sọ wọ́n lórúkọ. PTT ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ ohùn kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ tó wọlé ló tẹ̀ lé e. Ọjọ́ ìbí mi ni mo fi wá àkọ́kọ́. Nígbà tí mo gbọ́ àkùkọ yẹn láti inú kọ̀ǹpútà, mo gbé orí lé tábìlì. A da gbogbo fódà náà sínú kọ̀ǹpútà, a dà á sínú flash, mo sì fi mọ́kànlá yẹn ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ìgbà yẹn ni mo tó lọ bá ẹni tó ń tún fóònù ṣe.

Ẹnjiníà ò bú mi. Ó kàn mi orí rẹ̀ ni, ó to panel mẹ́ta sórí tábìlì. Èyí tó pọ́ọ́kú jù, ₦28,000, kì í ṣe irú tó wà nínú fóònù mi tẹ́lẹ̀. LCD ni, èyí tí iná rẹ̀ ń tàn láti ẹ̀yìn; tèmi sì jẹ́ OLED, èyí tó ń tan ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí mo bá fi sí i, ibi tí mo ń gbé ìka sí lójú fóònù láti ṣí i kò ní ṣiṣẹ́ mọ́, nítorí ìmọ́lẹ̀ OLED ló ń lò láti rí ìka, ohun tó wà lẹ́yìn LCD kò sì lè ríran kọjá. Èkejì jẹ́ OLED tí ilé iṣẹ́ mìíràn ṣe. Ẹ̀kẹta jẹ́ ojúlówó tó wá pẹ̀lú férémù rẹ̀, ₦82,000. A dúnàándúrà dé ₦78,000. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin owó tí ǹ bá fi pààrọ̀ gíláàsì.

Mo jókòó tì í. Ẹ má fi fóònù sílẹ̀ kí ẹ lọ sọ́jà, bí àyè bá wà. Síìmù mi wà nínú pọ́ọ̀sì mi, nítorí ẹni tó bá ní síìmù yín lè gba kóòdù tí báńkì bá fi ránṣẹ́. N kò fún un ní nọ́ńbà àṣírí. Èmi fúnra mi ni mo ń tẹ̀ ẹ́ nígbà tó bá nílò rẹ̀.

Ó fi afẹ́fẹ́ gbígbóná tú ẹ̀yìn fóònù, ó já okùn bátìrì kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ó wá ń ṣí ẹ̀yà inú rẹ̀ lọ sínú férémù tuntun, ọ̀kan lẹ́yìn ọ̀kan. Wákàtí kan àtààbọ̀. Kó tó lẹ ẹ̀yìn pa, ó ní kí n dán an wò. Samsung ni tèmi, mo sì tẹ *#0*# bí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣe kọ́ mi. Ó gbé pupa jáde fún gbogbo ojú, ó gbé àwọ̀ ewé, ó gbé búlúù, mo ń wá àbàwọ́n tàbí ìlà. Ó tún ní ibi tí èèyàn ti máa fi ìka kun gbogbo àpótí ojú rẹ̀. Mo kun dé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo pe ẹnì kan, mo gbé e sétí láti rí i pé ojú rẹ̀ pa. Mo ya àwòrán pẹ̀lú kámẹ́rà iwájú. Mo tún fi ìka mi sílẹ̀ nínú rẹ̀, kó lè máa ṣí fún mi. Láti dán sípíkà wò, mo ṣí ohùn Màmá. Ẹnjiníà gbé irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì dákẹ́ títí wọ́n fi kì mí tán.

"Mọ́mì yín nìyẹn?"

"Àwọn ni."

Ó sọ ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀: fóònù tí wọ́n bá ti tú kì í lè dá omi dúró bíi ti tẹ́lẹ̀, bó ti wù kí gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ dára tó.

Mo wá fi ara balẹ̀ ka nípa gíláàsì fúnra rẹ̀. Èyí tí a ń pè ní Gorilla Glass, ilé iṣẹ́ Corning ní Amẹ́ríkà ló ṣe é, ojú iPhone àkọ́kọ́ ní 2007 ló sì ti gbajúmọ̀. Wọ́n máa ń ri irú gíláàsì yìí bọ inú iyọ̀ potassium tó yọ́, tó gbóná tó irínwó lórí ìwọ̀n Celsius. Ẹ fọkàn yàwòrán ìjókòó ẹ̀yìn Micra tí ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin jókòó sí. Ẹ wá sọ méjì kalẹ̀, kí ìyá oníṣu méjì jókòó sí ipò wọn. Gbogbo wọn á fún pọ̀, àyè kankan ò ní sí. Bí potassium tó tóbi ṣe ń gba ipò sodium tó kéré, tó ti wà nínú gíláàsì tẹ́lẹ̀, nìyẹn lójú rẹ̀, bí ìlà kékeré bá sì fẹ́ là, ìfúnpọ̀ yẹn á tì í padé. Ṣùgbọ́n tó bá fi igun gúnlẹ̀, gbogbo agbára ìṣubú náà dà sójú kan ṣoṣo, pàápàá bí nǹkan bá ti họ ibẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Iyanrìn ló sì ń họ ojú fóònù ju kọ́kọ́rọ́ tí gbogbo wa ń bẹ̀rù lọ. Kúátíìsì, òkúta wínníwínní inú iyanrìn, le ju gíláàsì, irin kọ́kọ́rọ́ kì í sábà le tó o. Lásìkò ọyẹ́, eruku wà nínú àpò gbogbo èèyàn. Mo rán àpò kékeré kan fún tèmi láti inú àjákù fẹ́lífẹ́ẹ̀tì, mo máa ń gbọn inú rẹ̀ dànù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, n kì í sì í fi aṣọ gbígbẹ nu ojú fóònù tí eruku bá wà lórí rẹ̀. Mo kọ́kọ́ ń fẹ́ ẹ kúrò ni.

Screen guard tí wọ́n kọ 9H sí, líle tó ń sọ yẹn jẹ́ ti lẹ́ẹ̀dì pẹ́ńsùlù. Kò túmọ̀ sí pé iyanrìn ò lè họ ọ́. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí iyanrìn họ òun dípò gíláàsì gidi. Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni mo yàn, nítorí èyí tó nípọn ń dí ìka lọ́wọ́. Ohun tó ń gba igun là ni pouch. Mo wá èyí tí etí rẹ̀ ga ju ojú fóònù lọ díẹ̀, tí rọ́bà igun rẹ̀ sì nípọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lẹ́wà. Èyí tó lẹ́wà tí mo ń lò tẹ́lẹ̀ kò ní etí rárá.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó já bọ́ láti orí tábìlì ìgéṣọ sórí táìsì ṣọ́ọ̀bù. Screen guard sán ní igun. Mo ṣí i kúrò díẹ̀díẹ̀, mo fi èékánná wo gíláàsì tó wà lábẹ́ rẹ̀, ó ń yọ̀ geere. ₦1,500 ni mo ra òmíràn nígbà tí mò ń lọ sílé.