Igi páìnì tí kòkòrò ń lu: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Igi páìnì kan wà lágbàlá wa ní Ìbarà, l'Ábẹ́òkúta, tí bàbá wa gbìn kí wọ́n tó bí mi. Láti ìgbà ọyẹ́ ni mo ti ń rí ihò wẹ́wẹ́ lára èèpo rẹ̀, tí lẹ́bú igi sì ń dà sílẹ̀ nídìí rẹ̀. Ṣé ó ṣì ṣeé gbà là, àbí kí a gé e?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì pe agégi. Oje ni páìnì fi ń gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ kòkòrò: bí kòkòrò bá ti ń lu èèpo wọlé, igi tí ara rẹ̀ le a tú oje lé e lórí, oje náà a sì tì í jáde tàbí kí ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀ pa. Nítorí náà, ẹ sún mọ́ ọn lówùúrọ̀, kí ẹ wo ẹnu àwọn ihò náà dáadáa. Bí oje tó dì bí hóró àgbàdo bá yí wọn ká, igi yín ṣì ń jà. Bí ó bá jẹ́ lẹ́bú gbígbẹ nìkan ni ẹ rí, agbára rẹ̀ ti ń tán lọ. Ẹ fi ọ̀bẹ ṣí èèpo díẹ̀, tí kò ju èékánná lọ, ní ojú kan tàbí méjì péré, torí pé igi tí a bá bó èèpo rẹ̀ yípo yóò kú ni. Bí abẹ́ rẹ̀ bá funfun, tó sì tutù, ibẹ̀ wà láàyè. Ṣùgbọ́n bí gbogbo ewé òkè rẹ̀ bá ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó dùn mí láti sọ ọ́, kò sí òògùn tó lè jí i mọ́.

Ìbéèrè: Aládùúgbò wa ní kí n da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti lò sí ìdí rẹ̀, kí n sì fín òògùn apakòkòrò sí i lára.

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da ọ́ìlì sí i, gbòǹgbò ni yóò pa. Òògùn tí a fín sára èèpo kì í dé ọ̀dọ̀ ìdin tó ti wà lábẹ́ rẹ̀. Kí kòkòrò tó wọlé ló wúlò.

Ìbéèrè: Kí ló wá sọ ọ́ di aláìlágbára? Ara rẹ̀ le koko títí di ọdún méjì sẹ́yìn, nígbà tí a da kọnkéré sí gbogbo àgbàlá.

Ìdáhùn: Kọnkéré yẹn ni mo fura sí jù. Abẹ́ òkúta ni ìlú wa, bí orúkọ rẹ̀ ti wí. Níbi púpọ̀, a kì í gbẹ́lẹ̀ jìnnà kí a tó kan àpáta, ẹ̀gbẹ́ nìkan ni gbòǹgbò sì rí sá lọ. Ẹ ti wá dí ọ̀nà omi àti afẹ́fẹ́ mọ́ ọn níbẹ̀. Ẹ fọ́ ọ kúrò títí dé ibi tí òjìji ẹ̀ka rẹ̀ dé lọ́sàn-án gangan, pẹ̀lú sùúrù, kí dígà má baà gé gbòǹgbò. Ẹ tẹ́ ewé gbígbẹ síbẹ̀, kí ó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 10, kí ó má sì fara kan ìdí igi. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ jẹ́ kí omi máa rin ilẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, títí yóò fi jìn tó sẹ̀ǹtímítà 30.

Ìbéèrè: Ihò ńlá kan tún wà nídìí rẹ̀, tí inú rẹ̀ ti rọ̀ bí búrẹ́dì tí omi bà. Ṣé kí a fi sìmẹ́ǹtì dí i?

Ìdáhùn: Rárá. Alex Shigo, onímọ̀ igi ará Amẹ́ríkà, fi ayùn la ẹgbẹẹgbẹ̀rún igi, ó sì fi hàn pé igi kì í wo ọgbẹ́ rẹ̀ sàn bí ẹran ara. Ńṣe ló ń mọ odi yí ibi tó jẹrà ká. Bí ẹ bá ha ihò náà dé ibi tó le, odi yẹn ni ẹ wó. Ohun tó ti já sílẹ̀ nìkan ni kí ẹ kó jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ wọn igi tó le tó ṣẹ́kù yí ihò ká: bí ìtì náà bá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 60, tí igi líle yẹn kò sì nípọn tó 10, ewu ti dé. Bí olú bá tún ń hù nídìí rẹ̀, tàbí tí ilẹ̀ ń sán lápá kan, ẹ pe àwọn onímọ̀ igbó ní FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà l'Ábẹ́òkúta, kí wọ́n wá wò ó, kí ẹ sì kó àwọn ọmọdé kúrò lábẹ́ rẹ̀ kí ìjì àkọ́rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀.