Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ mi tí yìnyín là, àti àlòkù tí mo fi rọ́pò rẹ̀

Dọ́là 220 ni mo san kí wọ́n lè bá mi da omi inú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi mi nù kí òtútù tó dé. Rìsíìtì rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi títí di òní. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gbàǹgbà pé àwọn ti dà á. Wọn ò dà á tán, ìdajì iṣẹ́ yẹn ló sì ná mi ní dọ́là 3,140 àti oṣù mẹ́rin gbáko.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí, etí ọ̀sà ni wọ́n bí mi sí, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kò sì ṣàjèjì sí mi. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tí a mọ̀ nílé, ẹ̀yìn ọkọ̀ la ń gbé e kọ́. Tí o bá ti pa á, tí o gbé e jáde nínú omi, tí o jẹ́ kó dúró lóòró, omi inú rẹ̀ á ṣàn wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Èyí tí mo ní ní Houston yàtọ̀ sí i. Inú ọkọ̀ ló jókòó sí, lábẹ́ ìdérí: MerCruiser lítà 4.3 ti ọdún 1994, sìlíńdà mẹ́fà, búlọ́ọ̀kù kan náà, ìyẹn ara irin ńlá tí sìlíńdà wà nínú rẹ̀, tí General Motors máa ń fi sínú ọkọ̀ ilẹ̀ nígbà náà. Omi òkun tó wà níta gan-an ló ń fà wọlé láti fi mú ara rẹ̀ tutù. Bí o bá pa á, omi yẹn á jókòó sínú búlọ́ọ̀kù títí ẹnì kan yóò fi tú nọ́ọ̀tì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì.

Oṣù Kejì ọdún 2021 ni òtútù burúkú yẹn wọ Texas. Ẹni tó bá wà ní Houston nígbà náà kò lè gbàgbé ẹ̀: yìnyín lórí títì, páìpù omi ń bẹ́ nínú ògiri, iná lọ nílé tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin. Ìwọ̀n 32 Fahrenheit ni omi ti ń di yìnyín. Láàárọ̀ ọjọ́ 16, òtútù ìta kò tó 20 mọ́. Àwa tí NEPA tọ́ dàgbà mọ bí a ṣe ń gbé nínú òkùnkùn, a sì bójú tó àwọn ọmọ dáadáa. Ọkàn mi kò lọ sórí ọkọ̀ rárá, torí mo ti sanwó. Mo tún ti fi gílóòbù kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì náà kó lè máa móoru díẹ̀díẹ̀. Ìgbà tí iná lọ ní ọgbà tí wọ́n ń bá wa tọ́jú ọkọ̀ sí, gílóòbù náà kú.

Omi tó bá di yìnyín máa ń fẹ̀ sí i ní nǹkan bí ìdá 9 nínú 100. Irin búlọ́ọ̀kù kì í fẹ̀ bá a. Ńṣe ló ń là.

Oṣù Kẹta ni mo lọ ṣí ọkọ̀. Mo so rọ́bà omi mọ́ ọn, mo sì sítáàtì rẹ̀. Ó dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, inú mi dùn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn náà ni mo fa ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì jáde: ọ́ìlì ti ga kọjá àmì, àwọ̀ rẹ̀ sì ti dà bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Omi ti wọnú ọ́ìlì. Mo gbé tọ́ọ̀ṣì, mo rí ojú ibi tó là lápá òsì, ó gùn tó ìka mẹ́ta, ó lọ tààrà lábẹ́ mánífóòdù èéfín, ìyẹn irin tí èéfín ń gbà jáde.

Ohun tó dùn mí jù nìyí. Mo tú nọ́ọ̀tì apá òsì yẹn fúnra mi. Ẹ̀kán omi kan kò jáde. Mo mú wáyà, mo kì í bọnú ihò náà. Iyanrìn àti ìpẹtà tó ti dì pa pọ̀ ló dí i lẹ́nu. Bí mo ṣe gún un tó là, omi bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde. Ẹni tí mo sanwó fún tú nọ́ọ̀tì lóòótọ́, kò rí omi kankan, ó gbà pé ó ti gbẹ, ó dí i padà, ó sì kọ rìsíìtì. Ìṣẹ́jú kan péré pẹ̀lú wáyà ni kò fi sí i. Ọ̀gá ọgbà náà ní òun kọ́ ló rán yìnyín. Ilé iṣẹ́ adójútòfò ní ìwé mi kò kan yìnyín. Mo padà sílé, n ò lè jẹun.

Iye tí wọ́n pè fún ẹ́ńjìnnì tí wọ́n tún rọ bíi tuntun jẹ́ dọ́là 5,200, láìtíì ka owó iṣẹ́. Mo pe ẹ̀gbọ́n kan tó ti ṣe mẹkáníìkì ní Ládípọ̀ fún ọdún púpọ̀ kó tó wá sí Amẹ́ríkà. Ó ní, "Àbúrò, wá àlòkù. Ẹ́ńjìnnì yẹn pọ̀ nílẹ̀ bí iyanrìn." Òótọ́ ló sọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì mo rí ọ̀kan ní dọ́là 1,300, ẹni tó ń tà á ní ti 1995 ni, pé ara ọkọ̀ tó wà nínú rẹ̀ ló bàjẹ́. A wọn kọ̀ǹpúréṣọ̀n sìlíńdà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lójú rẹ̀, ìyẹn agbára tí wọ́n fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀, kò sí èyí tí kò tó 150 psi. Mo sanwó.

Bí a ṣe yọ èyí tó là kò gba àlàyé. A yọ ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó gbé pùròpélà kúrò lẹ́yìn, a ya fọ́tò gbogbo wáyà kí a tó tú wọn, a fi kiréènì gbé e. Ọjọ́ kan.

Ibi tí ìyà ti dé ni orí ẹ́ńjìnnì tuntun náà. Ẹni tó tà á ti yọ mánífóòdù orí rẹ̀, ìyẹn irin tí kàbúrétọ̀ ń jókòó lé, ó sì ti fi téèpù bo ojú àwọn ihò náà mọ́ra. Mo rò pé ìmọ́tótó ni. Mo ti ní mánífóòdù tèmi, n ò bìkítà. Nígbà tí mo ṣí téèpù nínú gáréèjì mi, tí mo gbé mánífóòdù mi lé e, kò bọ́ sí i. Nọ́ọ̀tì 12 ló de tèmi mọ́lẹ̀. Ihò 8 péré ni mo kà lórí èyí tí mo rà.

Mo dúró, mo tún un kà. Ẹ̀gbọ́n náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó, ó ní, "Vortec nìyí." Ní 1996 ni General Motors yí tọ́ọ̀pù sìlíńdà ẹ́ńjìnnì 4.3 padà, ìyẹn irin tó bo sìlíńdà lórí; tuntun yẹn ni àwọn mẹkáníìkì ń pè ní Vortec. Mánífóòdù àtijọ́ kò lè dé orí tuntun, ti tuntun kò sì lè dé orí àtijọ́. Kò sí bí ẹ́ńjìnnì náà ṣe lè jẹ́ ti 1995. Mo pe ẹni tó tà á. Ó gbé fóònù lẹ́ẹ̀kan, ó ní òun máa pè mí padà. Mo pè é títí, ó pa fóònù.

A kọ́kọ́ rò pé a lè yọ tọ́ọ̀pù sìlíńdà ti ẹ́ńjìnnì àtijọ́ mi, ká gbé e sórí búlọ́ọ̀kù tuntun. Mo kó tọ́ọ̀pù méjèèjì lọ sí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń yẹ irin wò. Ọjọ́ mẹ́sàn-án kọjá kí wọ́n tó pè mí: yìnyín ti la ọ̀kan nínú wọn pẹ̀lú, ojú là kékeré láàárín ihò fáàfù méjì, ojú lásán kò lè rí i. Ọ̀nà yẹn dí.

Ó wá ku kí n wá mánífóòdù Vortec tó gba kàbúrétọ̀, tó sì jẹ́ ti ọkọ̀ ojú omi. Èyí àkọ́kọ́ tí mo pàṣẹ fún, ti ẹ́ńjìnnì tó ń fún epo wọlé láìlo kàbúrétọ̀ ni wọ́n fi ránṣẹ́. Kò sí ibi tí kàbúrétọ̀ lè jókòó lé. Mo dá a padà. Èkejì gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko lójú ọ̀nà. Lójoojúmọ́ ni mo ń dé gáréèjì, mo ń wo ẹ́ńjìnnì tó dúró lórí igi, ìyàwó mi sì ń páàkì mọ́tò rẹ̀ sínú oòrùn. Dọ́là 410 ni mánífóòdù náà. Ká ní mo ṣí téèpù yẹn kí n tó sanwó, tí mo ka ihò, ìṣẹ́jú kan ni ì bá gbà mí. Ẹ kà á. Bí ó bá jẹ́ 12, àtijọ́ ni. Bí ó bá jẹ́ 8, Vortec ni. Ẹ má gba ọdún tí ẹnikẹ́ni bá fẹnu pè fún yín.

Kò tán síbẹ̀. Búlọ́ọ̀kù náà kò ní ihò tí pọ́ọ̀ǹpù epo mi ń wọ̀, nítorí náà mo ní láti wá pọ́ọ̀ǹpù oníná. Ẹ̀gbọ́n ní ti mọ́tò wà ní dọ́là 40. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, n ò ní fi ti mọ́tò sí i." Afẹ́fẹ́ pẹtiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lásán lọ, lórí ilẹ̀, á fẹ́ lọ, nínú ọkọ̀ ojú omi, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ló ń jókòó sí, iná kékeré kan tó bá ta sì tó láti sun gbogbo yín. Ìdí nìyẹn tí òfin Amẹ́ríkà fi béèrè pé kí sítátà, alternator àti irú pọ́ọ̀ǹpù yìí jẹ́ èyí tí a dì pa kí iná má baà ta jáde lára rẹ̀. Mo ra ti ọkọ̀ ojú omi. Mo sì so wáyà rẹ̀ gba inú súwíìṣì tó ń gbọ́ agbára ọ́ìlì, kó jẹ́ pé bí ẹ́ńjìnnì bá kú, pọ́ọ̀ǹpù náà á dákẹ́. Èmi fúnra mi ni mo so ó, mo dán an wò nígbà mẹ́rin.

Ìgbà tí a gbé e padà sínú ọkọ̀, ìbẹ̀rù mi ni bí yóò ṣe bá ẹsẹ̀ ọkọ̀ mu. Irin gbọọrọ kan wà tí a ń tì bọ̀ láti ẹ̀yìn ọkọ̀ títí dé ara ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ́ńjìnnì bá dúró ṣánṣán, ìka méjì ló ń mú un wọlé, ìka méjì ló ń mú un jáde. Mo fi gíríìsì pa á lórí láti mọ ibi tó ti ń fara kanra, mo tú nọ́ọ̀tì ìjókòó iwájú díẹ̀, mo tún un tì. Lẹ́ẹ̀kejì, ó wọlé wẹ́rẹ́. Ẹ̀gbọ́n tó ti ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe kí n tó mọ sípánà mú bọ̀ mí lọ́wọ́.

Ọjọ́ Sátidé kan ní oṣù Keje la gbé e lọ sí Galveston. Ó jí, ó dúró jẹ́ẹ́, ọ́ìlì mọ́ kedere. A wa ọkọ̀ náà wákàtí mẹ́ta lórí omi, mo sì ń ṣí ìdérí wò ó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe nítorí ìfòyà, mo kàn fẹ́ rí i ni.

Oṣù Kejìlá, n ò gbé e fún ẹnikẹ́ni. Mo ra wáyà líle kan ní gígùn ẹsẹ̀ bàtà kan, mo tẹ̀ ẹ́ lórí. Mo tú nọ́ọ̀tì apá ọ̀tún, omi jáde. Mo tú ti apá òsì, kò sí nǹkan kan. Oṣù márùn-ún péré, iyanrìn ti wà nínú ihò náà. Mo kì wáyà bọ̀ ọ́, mo yí i, mo yí i, ohun kan sì jábọ́ nínú. Omi tútù ya bò mí lọ́wọ́ dé ìgbọ̀nwọ́.