Bí wọ́n ṣe gba owó ọjà ẹrú Natchez lọ́wọ́ mi

Owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi ní Natchez, ìlú kékeré kan ní Amẹ́ríkà tó wà lórí òkè létí odò Mississippi, ló mú mi kọ ìrírí yìí. Bàbá ìyàwó mi wá kí wa ní Houston láti Ìbàdàn, wọ́n sì ní àwọn fẹ́ fi ojú ara àwọn rí ibi tí wọ́n ti ń ta àwọn ènìyàn wa. Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì àpapọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ oníṣòwò kan, tó ka Forks of the Road, ọjà ẹrú àtijọ́ náà, mọ́ àwọn ibi tí à ń sanwó wọ̀.

Ìrìn àti ilé ìtura kò le. Ẹnu ọ̀nà àkọ́kọ́ nínú àwọn ilé ńlá àtijọ́ tí tíkẹ́ẹ̀tì náà kà ni wọ́n ti dá wa dúró, nítorí pé kò sí wákàtí ìwọlé lára tíkẹ́ẹ̀tì wa. Mo pe oníṣòwò náà, ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ló dá mi lóhùn. Mo tún un pè, orin ni mo ń gbọ́. Bàbá fi ọ̀pá tilẹ̀ nínú oòrùn, wọn kò ráhùn rárá, ìyẹn gan-an ló sì dùn mí jù. Nígbà tí ènìyàn dáhùn níkẹyìn, ó ní àwọn kọ́ ló ń yan wákàtí, àti pé àwọn kì í dá owó padà. Èmi kò gbà.

Nígbà tó yá, a wọ Longwood, ilé onígun mẹ́jọ tí Haller Nutt, ọlọ́rọ̀ olóko òwú kan, bẹ̀rẹ̀ ní 1860 kí ogun abẹ́lé tó dá a dúró ní 1861. Ìsàlẹ̀ nìkan ni wọ́n parí, pákó àti bíríkì lásán ló wà lókè títí di òní. Ilé William Johnson ni Bàbá pẹ́ sí jù: onígbàjámọ̀ tí wọ́n bí sí oko ẹrú, tó gba òmìnira, tí òun náà sì tún ra ẹrú, tó ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ ojoojúmọ́ sílẹ̀ láti 1835 títí wọ́n fi pa á ní 1851.

A dé Forks of the Road, kò sí géètì, kò sí ẹni tó ń gba owó. Ìkóríta ni, pẹ̀lú koríko, pátákó ìtàn, àti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tí wọ́n rì mọ́ kankéré. Ibí ni àwọn oníṣòwò ẹrú kó wá ní 1833, nígbà tí ìbẹ̀rù àrùn onígbáméjì mú kí ìlú lé wọn jáde, wọ́n sì ń tajà níbẹ̀ títí di 1863. Ẹ wo ohun tí ẹnì kan tún ń fi pawó lónìí! Mo ya àwòrán ibẹ̀, mo fi ránṣẹ́ pẹ̀lú rìsíìtì sí oníṣòwò tó ta tíkẹ́ẹ̀tì fún mi, mo sì takú títí wọ́n fi dá apá kan owó náà padà, inú mi sì dùn sí i.

Bí ẹ bá ń lọ, ẹ kọ́kọ́ lọ sí ìkóríta yìí àti ilé Johnson, kí ẹ sì ra tíkẹ́ẹ̀tì ilé ńlá lọ́wọ́ àwọn onílé fúnra wọn, kí wákàtí wà lára rẹ̀. Mo ṣì ń bá oníṣòwò náà fa owó tó kù.